Ẹja Tí Kò Ní Ẹyin Nínú

Kí oòrùn tó yọ dáadáa ní Bùkókì, àdúgbò kan ní Nìàmé, ni Tàíbátù ti gbé àpótí aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ síta. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló gbé e kalẹ̀ sí, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọ agboolé wá pọn omi ẹ̀rọ yóò ti rí i. Ìgbà tó na ẹ̀yìn tán ló tó yanu.

"Bàbá rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo ti ránṣẹ́ pè é. O lè jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, o sì lè gbé ọwọ́ lé Àlùkùráánì, kí o búra pé ìwọ kọ́ lo ń jí ẹyin ẹja mi. Bí o kò bá lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, àpótí rẹ rèé."

Ànísátù, aboyún oṣù méje, dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń la inú ẹja lọ́wọ́. Ìsà ọkọ rẹ̀ wà ní Àgádẹ̀sì nídìí ọjà, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò gbà á sílẹ̀.

"Màámi, mi ò jí nǹkan kan. Inú ẹja ló ṣófo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́."

"Inú ẹja ṣófo!" Tàíbátù pàtẹ́wọ́. "Nínú oṣù kẹjọ! Nígbà tí omi òjò ti pọ́n Odò Ọya! Ẹ wá gbọ́ o. Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀bẹ ló fẹ́ kọ́ mi bí ẹja ṣe ń bímọ."

Ẹni tí kò bá sí nídìí iṣẹ́ ẹja lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Kì í ṣe kékeré rárá. Lọ́wọ́ àwọn apẹja ẹ̀yà Zármà létí odò ni Tàíbátù ti ń ra ẹja, yóò yan òmíràn, yóò dín òmíràn, gbogbo àdúgbò ni yóò sì wá rà á ní ìrọ̀lẹ́. Òfin ilé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kò yẹ̀ rí. Ẹni tó bá la inú ẹja ló ni ìfun àti ọ̀rá rẹ̀. Ẹyin, ti ìyá ilé ni. Ìyá ilé ni yóò fi iyọ̀ sí i, òun ni yóò sá a sórí páànù, òun náà ni yóò sì máa bù ú fún aboyún ilé ní àràárọ̀ títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yóò fi pé, nítorí wọ́n gbà pé òun ló ń mú egungun ọmọ le. Ìyá ọkọ Tàíbátù bù ú fún un bẹ́ẹ̀ nígbà tó lóyún Àbdùlrásàq, ẹ̀gbọ́n Ìsà. Ó bù ú fún un nígbà tó lóyún Ìsà.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ànísátù ti wọlé tó sì gba ọ̀bẹ, ẹyin ń dín kù. Láti ìgbà tó ti wá lóyún, a kò rí ẹyọ kan mọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí àgbàlagbà rò? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Zàlìhà, ọmọ Haúsá tí ilé wọn kò ju ògiri kan lọ sí tiwọn, wà nídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú Àlàmínì, ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn. Obìnrin yìí gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Nìàmé lọ, kò sì sí ìjà tí í ṣẹ̀ lójú rẹ̀ tí kì í dá sí.

"Haba, Ìyá Ẹlẹ́ja, aboyún ni. Ọkàn aboyún máa ń fà sí nǹkan." Ó gbé ike omi rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n wallahi, mo rí ẹyin ẹja ní ọjà Wàdátà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kún abọ́ fọ́fọ́."

"Ta ló ń tà á?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni."

Bí wọ́n ṣe ń ba ti ẹni jẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ànísátù wo Zàlìhà. Omi ti ń dà jáde lẹ́nu ike, ẹnikẹ́ni kò sì ti ẹ̀rọ náà.

Síbẹ̀, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ jinná, Tàíbátù kò gbàgbé iṣẹ́ ìyá ọkọ. Nígbà tí ẹyin ti wọ́n, ẹ̀dọ̀ ẹja ló fi rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń ṣà á pa mọ́ lójoojúmọ́, yóò dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, yóò gbé e síwájú Ànísátù, yóò sì dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó ju abọ́ náà sílẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù.

"Jẹ ẹ́. Olè ni ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ kò jalè."

Ànísátù jókòó sórí àpótí rẹ̀ níta gbangba, ó ń fi omijé jẹ ẹ̀dọ̀ ẹja. Ó jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni bàsíà ẹja méjì dé láti etí odò. Ànísátù dìde láti lọ mú ọ̀bẹ. Tàíbátù ní kó padà síbi tó ti dìde.

"Lónìí, èmi fúnra mi ni yóò là á. Zàlìhà, jókòó síbí, ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Ìwọ, ọmọ yìí, gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì lé itan, kí gbogbo ayé máa rí i. Bí ẹyin bá jáde lónìí, a ti mọ ibi tí ti àná ń gbà lọ."

Ọgbọ́n gidi lèyí lójú tirẹ̀. Ó ká aṣọ sókè, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré, ó mú àrọ̀ àkọ́kọ́ lórí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti kan iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í gbàgbé. Ọ̀bẹ gba abẹ́ ikùn wọlé, ó jáde lọ́rùn. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan. Ìfun wà, òróòro wà, ẹ̀dọ̀ wà. Níbi tí ẹyin yẹ kó wà, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bí okùn ìránṣọ ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

"Ó lè jẹ́ pé kò tíì dàgbà," ló wí, ó sì sọ ọ́ sápá kan.

Ó la ìkejì. Ó la ìkẹta. Epìyà ńlá kan wà níbẹ̀ tó gbòòrò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tó jẹ́ pé láyé àtijọ́, bí o bá kàn fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ báyìí, ẹyin yóò máa rọ́ síta. Òun náà ṣófo. Nígbà tó di ìkẹwàá, Zàlìhà tó ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tó di ogún, ẹ̀yìn ọrùn Tàíbátù ti ń làágùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́ igi ló jókòó sí. Ó rí àrọ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Ó rí òmíràn tí egbò wà lábẹ́ ìmú rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni Ànísátù ti ń fi hàn án láti ọjọ́ yìí, òun sì ní kó yéé fi ẹja burúkú bo olè mọ́lẹ̀.

Ó wá mú àrọ̀ kan tó gùn bí apá. Akọ ni. Ẹni tó bá ń ta ẹja kì í ṣì í mú, àmì akọ wà lábẹ́ rẹ̀ gbangba. Ó là á, ó fi ọ̀bẹ tú inú rẹ̀. Láàárín nǹkan akọ tó wà níbẹ̀, ẹyin wà, wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà, kò ju ìwọ̀n orí ìka kan lọ. Ó mú un lọ sójú oòrùn. Ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Zàlìhà, kí lo rí?"

"Ẹyin."

"Kí ni ẹja yìí?"

Zàlìhà tẹ orí wò ó. Ó kó ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "A'ùsù bíláhì! Akọ tó lóyún?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tàíbátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ń wo ìwọ̀nba ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí nìkan tó rí láti inú bàsíà méjì, láti inú akọ. Ó bi Zàlìhà léèrè, láì wo ojú rẹ̀, "Ẹyin tó o rí ní Wàdátà yẹn ńkọ́?"

"Inú ẹja yìnyín ni," ni Zàlìhà wí wẹ́rẹ́. "Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkun."

"O kò sì sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀."

"Ẹ kò bi mí."

Ọwọ́ Ànísátù ṣì wà lórí itan rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó gbé e. Kò ní "ẹ ò rí i?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó yẹ kí Tàíbátù gbé àpótí náà wọlé nígbà yẹn, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó ti pariwo kí oòrùn tó yọ kì í fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rọ ohùn. Ohun tó wí ni pé, "Bí o kò bá jí tòní, tàná ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ó dá epo síná, ó ń dín ẹja, nítorí pé ẹja ṣófo kì í ṣe ẹja jíjẹrà, ará àdúgbò yóò sì gbé abọ́ dé ní ìrọ̀lẹ́.

Bó ṣe ń dín in ni Àìṣà, ìyàwó Àbdùlrásàq, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú adìyẹ tí wọ́n ti pa nínú ọ̀rá dúdú. Inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ó ti ju ọdún kan lọ tí wọ́n ti ń dá ọbẹ̀ tiwọn sè. Wọ́n ní ẹja ń jẹ́ kí ara Hàdìzà, ọmọ wọn, máa sú. Wọ́n ní inú Àbdùlrásàq fúnra rẹ̀ kò gba ẹja mọ́. Ó ti dun Tàíbátù rí pé ọmọ tí òun fi owó ẹja rán nílé ìwé Faransé títí tó fi dé bùró, ọ́fíìsì ìjọba, ní Plátò kò lè fi ẹnu kan ẹja ìyá rẹ̀. Ó ti gbé e mì.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, Àlùfáà Àbdùlsàlámì dé. Bàbá Ànísátù ni, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nísàlẹ̀ àdúgbò, ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Ó rí àpótí ọmọ rẹ̀ níta. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àpótí náà. Ó bu omi, ó fọ ẹnu, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Àbdùlrásàq náà ti bùró dé lórí alùpùpù, ó kí i, ó sì jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ilé.

Ìjà ò ní kí a má fún àna lóúnjẹ. Tàíbátù gbé ìrẹsì àti ẹja díndín wá, abọ́ kan fún àlùfáà, abọ́ kan fún ọmọ rẹ̀. Àbdùlrásàq rọra ti tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Inú mi, Màámi, ẹ má bínú." Àlùfáà ṣe bísímílláhì, ó sì ń jẹun.

Tàíbátù rojọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, kò purọ́ mọ́ ọn. Ó sọ bí ẹyin ṣe ń dín kù, ó sọ ohun tó fura sí, ó sì sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí nínú bàsíà méjì lọ́jọ́ náà, títí kan akọ tó ní ẹyin. "Àlùfáà, ohun tí ojú mi rí lónìí kò yé mi."

Àlùfáà ti jẹ ègé ẹja mẹ́ta. Ó nu ọwọ́. "Bí o bá là á tí o kò rí nǹkan kan, Ìyá Ìsà, kí ni àpótí ọmọ mi ń ṣe níta?"

Tàíbátù wo àpótí náà.

"Ó dáa," ni àlùfáà wí. "Ẹ gbé Àlùkùráánì wá. Kí ó búra, kí ẹnu ayé lè pa."

Ànísátù dìde, ó ń wá omi àlùwàlá. Aboyún oṣù méje tí yóò fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run búra nítorí ẹyin ẹja! Àbdùlrásàq jókòó níbẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń fi ìka kọ nǹkan sínú yanrìn, ó ń pa á rẹ́. Ó wò ó bí obìnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikùn láti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó ti wo àlùfáà bó ṣe jẹ ègé kìíní, ìkejì, ìkẹta, kò sọ nǹkan kan.

Hàdìzà, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré jáde láti yàrá wọn, ó wá dúró ti ẹní àlùfáà, ó ń wo abọ́. Àlùfáà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ya ẹja funfun láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ egungun kúrò. "Gbà, ọmọ mi."

Ọmọ náà gbà á, ó gbé e sẹ́nu.

Àbdùlrásàq fò dìde. Ó gbá ọwọ́ ọmọ náà, ẹja fò sínú yanrìn, ó ki ìka bọ ọmọ lẹ́nu, ó ń gbọ́n èyí tó kù jáde. "Tu ú! Tu ú dànù! Mo ní kí o tu ú!" Ọmọ bú sẹ́kún. Àìṣà sáré jáde, nígbà tó rí ẹja nílẹ̀, ó di orí mú.

Epo ṣì ń hó lórí iná.

"Ẹja tó ń mú ara sú kọ́ nìyẹn," ni Tàíbátù wí. Ó rọra sọ ọ́. "Àbdùlrásàq. Kí ló wà nínú ẹja mi?"

"Màámi..."

"Kí ló wà nínú ẹja mi?"

Ó jókòó padà. Ó sọ ọ́ fún ilẹ̀, kì í ṣe fún wọn. Ó ní ìwé kan jáde ní bùró wọn. Òun lòun tẹ̀ ẹ́, òun lòun dì í pọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ kan wà lókè odò tí wọ́n ti ń fi oògùn bó irun ara awọ, inú odò ni omi rẹ̀ ń ṣàn sí. Oògùn kòkòrò tí àwọn olóko etí odò ń fín náà, bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Ẹja ń mu ún. Ó ń gbẹ ẹyin abo, ó ń sọ akọ di ohun tí kì í ṣe akọ, kò sì ní í pẹ́ tí ẹja kò ní í bímọ mọ́. "Ó sì ń wọ ara ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọdé má jẹ ẹ́. Kí aboyún má fẹnu kàn án rárá. Pàápàá..."

"Pàápàá kí ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń gbé jọ sí."

Ànísátù ṣì ń da omi sí ẹsẹ̀. Kẹ́tùrù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ náà ń wò ó. Àwọn méjèèjì ló mọ iye àárọ̀ tó wà nínú oṣù méje.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni Tàíbátù bi í.

"Láti iléyá èṣí."

"Kí ni wọ́n fi ìwé náà ṣe?"

"Wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, ní kò tíì tó àsìkò, pé ìlú yóò dàrú. Ó ní ẹni tó bá gbé e síta, kó máa wá ibòmíràn tí yóò ti máa jẹun."

"Ìwọ ṣáà ti rí ibi tí o ti ń jẹun."

Ẹ wò ó! Àwọn kan jókòó lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní Plátò, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé tó jíire pé ohun tí gbogbo ìlú ń jẹ ń ba ìlú jẹ́ nínú, wọ́n fi àmì òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì lọ ra adìyẹ. Àwọn apẹja tó ń fi àwọ̀n kó o kò mọ̀. Àwọn obìnrin tó ń dín in kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ jẹ́ ọmọ ẹlẹ́ja, inú agboolé ẹlẹ́ja ló ń sùn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ ẹ̀dọ̀ kọjá láràárọ̀, yóò sì kí wọn pé ẹ kú oúnjẹ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Àlùfáà fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí omi fi tán nínú abọ́. Kò mẹ́nu ba Àlùkùráánì mọ́.

Tàíbátù dìde. Ó lọ síbi àpótí Ànísátù, ó gbé e, ó wúwo ju bó ṣe rò ó láàárọ̀ lọ. Àbdùlrásàq fẹ́ bá a gbé e, ó fi èjìká kọ̀ ọ́. Ó gbé e wọ yàrá, ó gbé e sí ààyè rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó lọ dúró ti ọmọbìnrin náà. Ànísátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àkókò yẹn ni àwọn oníbàárà dé. Obìnrin bíi méje ló wọlé, abọ́ lọ́wọ́, Zàlìhà tó ti padà sílé lọ gbé abọ́ ló ṣáájú wọn, Àlàmínì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹja ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú bàsíà, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo òpópónà.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, fún mi ní márùn-ún. Èyí tó rọ̀ dáadáa, ti Àlàmínì."

Gbogbo ohun tí Tàíbátù ní láyé wà nínú bàsíà náà. Ó mú aṣọ, ó fi bò ó.

"Kò sí ẹja."

"Kò sí ẹja? Kí wá lèyí tí ẹ bò?"

"Bi ọmọ mi. Òun ló mọ̀wé."

Àwọn obìnrin yíjú sí Àbdùlrásàq. Ó dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù bùró rẹ̀ ṣe. Faransé ló fi bẹ̀rẹ̀, àwọn gbólóhùn gígùn tó wà nínú ìwé náà, tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Àwọn obìnrin ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín.

"Rárá," ni Tàíbátù wí. "Èdè tí wọ́n fi ń ná ẹja létí odò ni kí o fi sọ ọ́."

"Màámi, bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní bùró, iṣẹ́ mi..."

"Tèmi ti lọ."

Àbdùlrásàq wo ìyá rẹ̀. Ó wo Ànísátù tó di ikùn mú nídìí ẹ̀rọ omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Zármà, ó rọra ń sọ ọ́, láti orí omi awọ títí dé orí ẹ̀dọ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọdé, Zàlìhà gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó tú ọ̀já, ó fa Àlàmínì láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó fi ìka ya ẹnu rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀.